Àpò Afẹ́fẹ́ Tí Mo Rán Fún Àwọn Pápá Bàálù Tí A Gbàgbé

Ọmọ kan wà nínú ilé tí mò ń gbé ní Yábàá báyìí, Tómi lorúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló fi ń jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó wá jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ kí n lọ kọ́ òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé èyí tí mo fẹ́ kọ́ yẹn lè má pẹ́ láyé. Ẹ̀yin ńkọ́, iṣẹ́ wo lẹ ṣe?"

Mo ní, "Àpò ni mò ń rán."

Ó ní, "Àpò ìkówèé àbí àpò ìrìn àjò?"

Mo ní, "Àpò afẹ́fẹ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń bá òun ṣeré ni. N kò bá a jà, torí iṣẹ́ tí mo fi ìgbà èwe mi ṣe, díẹ̀ ló kù nínú àwọn tó mọ̀ pé ó wà rí. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n sọ ọ́, fún òun àti fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò lọ́wọ́ bí ẹni ń yẹ bàtà wò lọ́jà, tí ẹ ń béèrè bóyá yóò tọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àpò náà jẹ́. Ní pápá tí bàálù ti ń gbéra tó sì ti ń bà, òpó gíga kan máa ń wà níbẹ̀ tí aṣọ gígùn kan so mọ́ lórí. Ó dà bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tí wọ́n gé kúrò lára èkejì, ó sì ní ìlà pupa àti funfun. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ á gba ẹnu rẹ̀ wọlé, á nà án gbọọrọ, awakọ̀ tó wà lókè á sì mọ apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Bàálù gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó bà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tì í lẹ́yìn, kò ní í lè dúró bọ̀rọ̀, á kàn máa sáré lọ títí á fi wọgbó ni.

Nígbà tí mò ń wí yìí, kì í ṣe pápá ńlá tó wà ní Ìkẹjà nìkan ni bàálù ń bà sí. Àwọn oko ńláńlá, àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì, àwọn tó ń la pákó nínú igbó, ọ̀pọ̀ wọn ló ní pápá kékeré tiwọn. Ọ̀nà ọlọ́dà kan ṣoṣo, ahéré kan, òpó kan. Ó tán. Bàálù kéékèèké tí kì í gbà ju èèyàn mélòó kan lọ ló ń lọ síbẹ̀. Àwọn pápá wọ̀nyẹn ni à ń rán àpò fún láti inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Mùṣín.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ réluwéè, Èbúté Mẹ́ta la sì ń gbé. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, ìdánwò mi kò lọ dáadáa. Bàbá mi mọ ọkùnrin kan tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, Ọ̀gá Lámídì, tó ń rán tapólì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Ó mú mi lọ bá a. Ọdún 1985 ni tàbí ọdún tó tẹ̀ lé e, n kò lè búra. Ti owó tí mò ń gbà, kò pọ̀, ebi ò sì pa mí.

Ọ̀gá Lámídì ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, pákò kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó sì bi bàbá mi pé, "Obìnrin ni?"

Bàbá mi ní, "Obìnrin ni. Ṣé ẹ kì í gba obìnrin ni?"

Ó gbọ́n pákò sílẹ̀. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ kò mọ ìyàtọ̀. Kó wá lọ́la."

Mo dé lọ́jọ́ kejì, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo múra àtirán nǹkan. Kò jẹ́ kí n wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Mojí, níbo ni afẹ́fẹ́ ti ń wá?"

Mo wo ojú ọ̀run, mo wo òkè ilé. Mo nawọ́ sí apá Ìdí-Òró. Ó já òwú díẹ̀ láti inú àpò rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Òwú náà gba apá Ìdí-Òró lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibi tí mo ní afẹ́fẹ́ ti ń wá gan-an ló ń lọ.

Ó ní, "Ojú lo fi dáhùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí o máa fi dáhùn."

Báyìí la ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Mùṣín, ẹ mọ̀ pé ilé fún mọ́ ilé níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba àárín ilé méjì, á yí padà, á tún gba ẹ̀yìn yọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo èéfín iná ìdáná àti aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Nígbà tó yá, mo kàn ń dúró ni, mo ń dijú, mo ń jẹ́ kó fẹ́ sí mi lára. Àwọn ará àdúgbò rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ọ̀gá ní ẹni tí kò mọ afẹ́fẹ́ kò lè rán aṣọ fún un, bí ẹni tí kò rí ìyàwó kò ṣe lè rán bùbá rẹ̀ kó bá a mu.

Iṣẹ́ ọwọ́ la kọ́kọ́ ń ṣe. A ní abẹ́rẹ́ ńlá onígun mẹ́ta, òwú tí a fi ìda oyin pa kí omi má ba à wọ̀ ọ́, àti awọ kan tí a ń so mọ́ àtẹ́lẹwọ́ láti fi ti ìdí abẹ́rẹ́. Títí di òní, ibi tí awọ yẹn máa ń há mọ́ lọ́wọ́ mi ṣì le bí gìgísẹ̀. A óò rán ẹnu àpò mọ́ òrùka irin, a óò sì dín aṣọ náà kù díẹ̀díẹ̀ títí dé ìdí. Bí aṣọ bá wúwo jù, àpò á rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Bó bá sì fẹ́lẹ́ jù, afẹ́fẹ́ kékeré á nà án bí ẹni pé ìjì ń jà.

Nígbà tí mo parí àpò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún èmi nìkan, inú mi dùn débi pé mo gbé e lé apá bí ọmọ. Ọ̀gá gbà á, ó fi ìka tọ ojú ìrán rẹ̀ láti ẹnu dé ìdí. Ó dúró níbì kan.

Ó ní, "Kí lo ń rò nígbà tí o dé ibí?"

Mo ní, "N kò rò nǹkan kan, Ọ̀gá."

Ó ní, "O rò nǹkan kan. Ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ sáré níbí, lẹ́yìn náà ó rìn. Tú u."

Mo ní, "Ibẹ̀ yẹn nìkan?"

Ó ní, "Gbogbo rẹ̀."

Mo tú u. Omijé ń bọ́ sórí aṣọ pupa yẹn bí mo ṣe ń tú u. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kúdí, tó ń ta ṣíńkàfí, ìyẹn ìrẹsì, ní ojúlé kejì, gbé oúnjẹ wá fún mi, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ óò lé ọmọ ọlọ́mọ sá."

Ó dáhùn pé, "Àpò tó bá ń purọ́ á pa èèyàn. Kó kúkú sunkún níbí."

N kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí n tan yín. Ìrìn àjò ló sọ wá di ọ̀rẹ́. Òjò àti oòrùn kì í jẹ́ kí àpò pẹ́, nítorí náà a máa ń lọ pààrọ̀ rẹ̀, a sì máa ń fi ọ̀dà funfun tún àwọn ìlà ojú ọ̀nà bàálù kùn. A óò wọ ọkọ̀ láti Mùṣín, a óò sọ̀ nílùú kan, a óò wọ òmíràn, lẹ́yìn náà a óò fi ẹsẹ̀ rìn. Igbó á ṣú lọ́tùn-ún lósì, lójijì ojú á là, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ á yọ sí wa. Èmi tí wọ́n bí sẹ́bàá réluwéè, tí mo dàgbà sínú ariwo, n kò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ báyẹn wà láyé. Àparò á fò dìde nínú koríko. Ọ̀gá Lámídì tí kì í rẹ́rìn-ín ní Mùṣín á bọ́ bàtà rẹ̀, á rìn lórí ọ̀dà yẹn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, á máa kọrin jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé kò sí ìgbà tí òun wọ bàálù rí.

Mo ní, "Kò wù yín ni?"

Ó ní, "Ó wù mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà lókè, ta ló máa wo ìsàlẹ̀ dè mí?"

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nǹkan yí padà. Náírà wálẹ̀, ọjà wọ́n, àwọn oko ńlá kógbá wọlé, àwọn òyìnbó tó ní ilé ìlapákó padà sí ìlú wọn. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ wa ni ká so àpò kọ́. Ó wá di pé wọ́n ń ránṣẹ́ pè wá pé ká wá tú u sílẹ̀, ká kó òrùka àti okùn, torí wọ́n ti ti pápá náà pa. Bí a bá tú àpò kan sílẹ̀ tán, Ọ̀gá á ká a dáadáa bí ẹní ká aṣọ òkú, á tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé wa lọ sí oko kan lápá Òkè Ògùn nígbà ọyẹ́. Àwọn tó ni oko ti lọ tipẹ́. Àwọn obìnrin abúlé ti gba ojú ọ̀nà bàálù, wọ́n sá ẹ̀gẹ́ sí i láti fi ṣe láfún, ó funfun láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Wọn kò ṣe nǹkan burúkú, ọ̀dà gbóná ju ilẹ̀ lọ, ẹ̀gẹ́ a sì máa tètè gbẹ níbẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ olórí wọn, Ìyá Wúrà, fún wa lómi mu, ó sì ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀gẹ́ gbogbo ilé wọn ló wà nílẹ̀ yẹn, ohun tí wọ́n máa jẹ títí tí òjò á fi rọ̀ tí tuntun á fi jáde.

A ti tú àpò sílẹ̀. Ọ̀gá ti gé okùn tó ń fà á gòkè, torí ó ti jẹrà. Nígbà náà la gbọ́ bàálù.

A kọ́kọ́ rò pé ó ń kọjá lọ ni. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ bo ojú ọ̀run bí ìgbà tí èèyàn da ìyẹ̀fun sínú omi, a kò rí i, a kàn ń gbọ́ ọ. Ó lọ, ó padà wá. Lẹ́yìn náà a rí i, ó kéré, ó ń fò nísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń yí wa po.

Ọ̀gá gbójú sókè. Ó ní, "Ó ti ṣìnà. Ibi tó máa bà sí ló ń wá."

Mo ní, "Kò mọ̀ pé wọ́n ti ti ibí pa ni?"

Ó ní, "Bó bá mọ̀ ńkọ́? Ó kúkú gbọ́dọ̀ bà síbì kan. Gbé àpò yẹn fún mi, kí o lọ bá àwọn ìyá yẹn sọ̀rọ̀."

Ó ju àpò sí èjìká, ó fi ẹnu gbé okùn kúkurú kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òpó irin náà. Òpó yẹn ti dógùn-ún nídìí. Mo rí i, òun náà rí i.

Mo sáré. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Wúrà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bàálù yẹn fẹ́ bà síbí. Ẹ jẹ́ ká gbá ẹ̀gẹ́ yìí kúrò."

Ó ní, "Ọmọ mi, oúnjẹ wa nìyí. Bí a bá gbá a sínú iyẹ̀pẹ̀, a ò rí nǹkan jẹ mọ́."

Mo ní, "Mo mọ̀, mà."

Ó wo òkè. Bàálù náà kọjá lórí wa, ariwo rẹ̀ gbọ̀n wá. Ó béèrè pé, "Ṣé èèyàn wà nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Èèyàn wà nínú rẹ̀."

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbá ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ sínú koríko. Nígbà tí àwọn tó kù rí i pé tirẹ̀ ló kọ́kọ́ dà nù, wọ́n dà bo ojú ọ̀nà náà. Ìgbálẹ̀, ọkọ́, ọwọ́, ìró, gbogbo rẹ̀ la fi ṣe é. Eruku funfun sọ. A kò lè gbá a tán, ṣùgbọ́n a gbá àárín rẹ̀.

Bàálù náà ń bọ̀ láti apá ibi tí kò dára. Ọyẹ́ ń tì í lẹ́yìn gan-an. Mo gbọ́ igbe Ọ̀gá láti orí òpó, mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti so àpò náà mọ́ra. Ó fẹsẹ̀ há òpó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òrùka mú síta kí ẹnu rẹ̀ lè ṣí. Afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ó nà gbọọrọ, pupa àti funfun nínú ọyẹ́ yẹn. N kò tíì rí aṣọ tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀ rí i. Ó gbé imú bàálù sókè, ó kọjá, ó lọ yípo láti ìpẹ̀kun kejì, ó kọjú sí afẹ́fẹ́, ó sì bà. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó bà padà, ó sáré gba inú ẹ̀gẹ́ tó kù, ó dúró kó tó dé ibi tí igi gẹdú wà. Awakọ̀ jáde, tọkọtaya kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ wọn. Ìyá ọmọ náà jókòó sílẹ̀ sórí ọ̀dà. Ìyá Wúrà ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo yíjú padà láti fi ayọ̀ hàn sí Ọ̀gá mi, òpó kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti ṣẹ́ nídìí.

Mo bá a nínú koríko. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ irin. Ojú rẹ̀ ṣí.

Ó ní, "Ó ti bà?"

Mo ní, "Ó ti bà, Ọ̀gá."

Ó ní, "Ibo ló kọjú sí?"

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ló kọjú sí."

Ó ní, "Ó dáa," ó sì dijú.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, a tún gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Egungun jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò lè pa dé mọ́. Kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Awakọ̀ yẹn wá sí Mùṣín láti wá kí i. Ó jókòó lórí àpótí wa, ó sunkún. Ọ̀gá ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ọwọ́ ló ṣẹ́, kì í ṣe ọrùn. Ẹ lọ máa wa bàálù yín."

Lójú èèyàn, ó ń ṣe bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n Ìyá Kúdí sọ fún mi pé bó bá jókòó nílé, á máa fi ọwọ́ òsì pa ìka ọwọ́ ọ̀tún dé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní òǹkà.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi parí. Ìyá mi ti bá mi rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sùúrùlérè. Ó ní, "Mojí, iṣẹ́ àpò yẹn ti ń kú lọ, ọ̀gá rẹ kò sì lọ́wọ́ mọ́. Kí lo tún ń dúró dè?" Òótọ́ ló sọ. Mo lọ sí Mùṣín láti lọ dágbére.

Mo bá Ọ̀gá tó fi ọwọ́ òsì na aṣọ tapólì ńlá sílẹ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ó dáa bí o ṣe dé. Àwọn obìnrin Òkè Ògùn yẹn, mo fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan sá ẹ̀gẹ́ sí, kí wọ́n má ba à padà sórí ọ̀dà. Bí bàálù mìíràn bá dé ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ rẹ̀.

Mo gbé àpamọ́wọ́ mi sílẹ̀. Mo so awọ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèǹgbè. Òun ń fi ẹnu júwe, èmi ń rán. Mo rò pé ó máa rọ̀ díẹ̀, torí aṣọ ìsáǹkan lásán ni. Ọjọ́ kejì, ó fi ìka ọwọ́ òsì tọ ojú ìrán mi, ó dúró.

Ó ní, "Tú u."

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rín ni mo rín? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá Kúdí wá wò wá láti ojúlé kejì, ó ní orí àwa méjèèjì ti yí. Mo tú u. Nígbà tí a gbé àwọn tapólì náà dé abúlé, Ìyá Wúrà tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí láti wò bóyá ó le, ó ní ó dára tó kí wọ́n fi sin òun. Ebi ti pa wọ́n lọ́dún yẹn, ó sọ ọ́ fún wa láìfi bò. Kò fi bú wa. Ó béèrè bóyá ọmọ inú bàálù yẹn ti ń rìn.

N kò lọ sí Sùúrùlérè lọ́dún yẹn. Mo dúró ti Ọ̀gá mi títí ó fi sọ fúnra rẹ̀ pé kí n máa lọ. Ó gbàdúrà fún mi níwájú bàbá mi, ó sì gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, òun ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń wọ ọkọ̀ láti Mùṣín, ó ń sọ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ó ń rìn wá bá mi. Á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa pè mí ní "Ọ̀gá mi" níwájú oníbàárà, ojú á máa tì mí.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ńlá, oníná gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀, nígbà tí iná bá wà. Lẹ́yìn náà ni aṣọ náílọ́ọ̀nù dé, tó fẹ́lẹ́, tí omi kì í wọ̀. Ọ̀gá kórìíra rẹ̀. Ó ní aṣọ ìbora òkú ni. Síbẹ̀ mo fi rán àpò kan, mo so ó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láìsọ fún un. Ó dé, ó jókòó, ó ń wò ó. Atẹ́gùn kékeré kan tí kò lè mi ewé gba ibẹ̀ kọjá, àpò náà sì gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ó ní, "Èyí ń gbọ́ràn ju tiwa lọ." Mo mọ ohun tó ná an láti sọ ọ́.

Ó kú lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, nílé rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Iṣẹ́ àpò sì kú díẹ̀díẹ̀ bí ìyá mi ṣe wí. Mo yí sí ìbòrí ṣọ́ọ̀bù, ìjókòó ọkọ̀ àti kánópì. Ó bọ́ mi, ó rán àwọn ọmọ mi níwèé, títí ojú mi kò fi rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bi mí bóyá iṣẹ́ lè kú, bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ lè kú. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kì í bá a kú. Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ ni ti àpò tí mo rán kẹ́yìn.

Bàbá àgbàlagbà kan wá sí Sùúrùlérè tó ń béèrè ṣọ́ọ̀bù mi. Adéoyè lorúkọ rẹ̀. Olùṣọ́ pápá kan tó wà nínú igbó ìlapákó ni, a ti so àpò níbẹ̀ nígbà kan. Ó tú gèlè ìyàwó rẹ̀ tó fi di ẹrù, ó fa àpò wa jáde, ó ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

Mo ní, "Bàbá, ṣé bàálù ṣì ń wá ni?"

Ó ní, "Rárá."

Mo ní, "Ìgbà wo ló wá gbẹ̀yìn?"

Ó ronú. Ó ní, "Àbíkẹ́yìn mi kò tíì wọ ilé ìwé nígbà yẹn. Ó ti lọ sílé ọkọ báyìí."

Mo ní, "Kí lẹ wá fẹ́ fi àpò ṣe?"

Ó ní, "Wọ́n ní kí n máa tọ́jú pápá. Kò sẹ́ni tó padà wá sọ pé kí n má tọ́jú rẹ̀ mọ́." Lẹ́yìn náà ó fi kún un pé, "Àti pé láti ìgbà tó ti ya, a kò sinmi lábúlé wa."

N kò lóye gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, n kò sì bi í. Mo rán an, mo sì bá a gbé e lọ. Igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba pápá náà tán, ṣùgbọ́n ó fi àdá ṣán ìdí òpó àti ọ̀nà kan tó gba ibẹ̀ kọjá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọ̀sán ti ń rọlẹ̀. A fa àpò gòkè. Ó rọ̀ díẹ̀, ó mí, ó sì nà.

Bí a ṣe jókòó sẹ́nu ahéré rẹ̀, àwọn ọkùnrin kan ń bọ̀ láti abúlé pẹ̀lú àdá àti ògùṣọ̀. Wọ́n fẹ́ sun oko. Bàbá Adéoyè ṣàlàyé fún mi nígbà náà pé ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti máa ń wo àpò yẹn kí wọ́n tó tiná bọ igbó. Nígbà tó ya, wọ́n ń fi ojú díwọ̀n, iná sì jó oko kòkó opó kan, ó tún jó àká méjì.

Àwọn ọkùnrin náà dé ìdí òpó, wọ́n dúró. Wọ́n gbójú sókè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó tẹ̀ lé ibi tí ìdí rẹ̀ ń nà sí pẹ̀lú ojú, títí dé ibi tí òrùlé abúlé ti yọ láàárín igi.

Ó ní, "Ilé ló ń fẹ́ sí. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Wọ́n ti ògùṣọ̀ wọn bọ iyẹ̀pẹ̀, iná kú. Wọ́n kí wa, wọ́n sì padà sílé. Bàbá Adéoyè yọ iṣu nínú eérú, ó bù ú sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi.